Ìgbà Wo Ni Ó Yẹ Kí Ilé-iṣẹ́ Pààrọ̀ Ètò Ìpìlẹ̀ Sáfà Rẹ̀?

(Ọ̀rọ̀ tí a sọ níwájú àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wa ní Ṣàgámù)

 

Ọ̀rọ̀ tí a gbé wá síwájú yín ní òní lè dàbí ẹni pé ti àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ nìkan ni. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe tìtorí bẹ́ẹ̀ dìde. Ọ̀rọ̀ owó oṣù òṣìṣẹ́ ni, ọ̀rọ̀ ìwé aláìsàn ni, ọ̀rọ̀ èsì ìdánwò ọmọ ilé-ìwé ni, ọ̀rọ̀ owó tí ìyá kan fi ọdún mẹ́wàá kó jọ sínú ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ni. Gbogbo nǹkan wọ̀nyí kò sí nínú ìwé ńlá oníwèé líle mọ́ ní ibi púpọ̀ ní ilẹ̀ wa. Inú kọ̀ǹpútà ni wọ́n wà. Bí kọ̀ǹpútà náà bá sì dákẹ́, ẹnu akọ̀wé yóò dákẹ́ pẹ̀lú rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ ohun tí a ń sọ. Nínú ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́, ilé-ìwòsàn àti ilé-ẹ̀kọ́ gíga, kọ̀ǹpútà kan wà tí ó ń gbé inú yàrá tirẹ̀, tí a sì ń fi ẹ̀rọ amúlétutù fẹ́ atẹ́gùn sí lọ́sàn-án àti lóru. Kò sí ẹni tí í jókòó níwájú rẹ̀ kọ lẹ́tà, ṣùgbọ́n òun ni gbogbo kọ̀ǹpútà yòókù ń tọ̀ lọ láti béèrè ohun tí wọ́n bá ń fẹ́. Òun ni a ń pè ní sáfà. Nínú sáfà yìí ni ètò kan wà tí gbogbo ètò yòókù dúró lé, bí ògiri àti òrùlé ti dúró lé ìpìlẹ̀. Nítorí náà a ó máa pè é ní ètò ìpìlẹ̀. Àwọn kan ń lo Windows Server, tí ilé-iṣẹ́ Microsoft ní Amẹ́ríkà ń ṣe. Àwọn mìíràn ń lo Linux, tí òun náà ní oríṣiríṣi ẹ̀yà bíi Ubuntu, Debian àti Red Hat. Àlejò tí ó bá wọ ilé a máa yin aṣọ fèrèsé, a máa yin àga. Kì í yin ìpìlẹ̀. Ọjọ́ tí ilé bá sán ni gbogbo ènìyàn ń béèrè ẹni tí ó mọ ọ́n.

Ohun tí púpọ̀ nínú wa kò mọ̀ ni pé ètò ìpìlẹ̀ ní ọjọ́ orí. Kì í gbó bí irin ti ń dógùn-ún, ṣùgbọ́n àwọn tí ó ṣe é ti dá ọjọ́ tí wọn yóò ṣíwọ́ ìtọ́jú rẹ̀. Ní gbogbo oṣù ni wọ́n ń rí ihò kékeré kan tàbí òmíràn nínú iṣẹ́ ọwọ́ wọn, tí wọ́n sì ń fi àbùlẹ̀ ránṣẹ́ láti dí i. Nígbà tí ọjọ́ tí a dá bá pé, àbùlẹ̀ tán. Ètò náà yóò ṣì máa ṣiṣẹ́ ní ọjọ́ kejì gẹ́gẹ́ bí ti àná, èyí sì ni ó ń tan àwọn ènìyàn jẹ. Ihò tí a bá rí lẹ́yìn ọjọ́ náà, ṣíṣí ni yóò wà. Àwọn àgbà sì ti wí pé bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè wọ inú rẹ̀.

Bí ọdún mẹ́wàá ni Microsoft fi ń tọ́jú ẹ̀yà Windows Server kọ̀ọ̀kan. Ti ọdún 2003 parí ní ọjọ́ 14 oṣù keje ọdún 2015. Ti ọdún 2008 parí ní ọjọ́ 14 oṣù kíní ọdún 2020. Ti ọdún 2012 parí ní ọjọ́ 10 oṣù kẹwàá ọdún 2023. Ọjọ́ 12 oṣù kíní ọdún 2027 ni wọ́n dá fún ti ọdún 2016, ọjọ́ 9 oṣù kíní ọdún 2029 fún ti ọdún 2019, àti ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá ọdún 2031 fún ti ọdún 2022. Ẹ̀yin akọ̀wé tí ẹ mú ìwé lọ́wọ́, ẹ kọ wọ́n sílẹ̀. Ọjọ́ tí a ti mọ̀ láti ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn kò yẹ kí ó bá ẹnikẹ́ni lójijì.

Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe kọ ọ́ sílẹ̀ kí ẹ sì gbàgbé rẹ̀, nítorí pé ọjọ́ a máa yẹ̀. Ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ ní gbogbo ayé ń lo ẹ̀yà Linux kan tí ń jẹ́ CentOS nítorí pé ọ̀fẹ́ ni. A ti sọ fún wọn pé wọn yóò máa rí ìtọ́jú ẹ̀yà kẹjọ rẹ̀ títí di ọdún 2029. Ní oṣù kejìlá ọdún 2020, ìkéde jáde pé òpin ọdún 2021 ni yóò parí. Ẹni tí ó rò pé òun ní ọdún mẹ́jọ níwájú wá rí i pé ọdún kan péré ni ó kù. Nítorí náà, ó yẹ kí a máa yẹ ọjọ́ wọ̀nyí wò ní ọdọọdún, gẹ́gẹ́ bí oníṣòwò obì ní Ṣàgámù níhìn-ín ti ń tú agbọ̀n rẹ̀ wò, tí ó ń ṣa èyí tí kòkòrò ti wọ̀ kúrò, tí ó sì ń pààrọ̀ ewé kí ọkọ̀ Òkè Ọya tó gbé e. Kòkòrò tí ń jẹ obì, inú obì ni ó ń gbé. Kì í ti òkèèrè pariwo bọ̀.

Ẹ jẹ́ kí a sọ ohun tí ìlọ́ra fà ní ọdún 2017. Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹta ọdún náà ni Microsoft fi àbùlẹ̀ kan ránṣẹ́ láti dí ihò búburú kan. Ní ọjọ́ 12 oṣù karùn-ún, tí kò tíì pé oṣù méjì, kòkòrò kan tí wọ́n sọ ní WannaCry gba ihò kan náà wọlé. Ó ń ti ìwé inú kọ̀ǹpútà pa, ó sì ń béèrè owó ìràpadà 300 dọ́là kí ó tó ṣí i. Ó tàn dé orílẹ̀-èdè tí ó tó 150, ó sì mú kọ̀ǹpútà tí ó lé ní 200,000. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá ti ń ṣiṣẹ́ dókítà àti nọ́ọ̀sì, ó kéré tán, ẹ̀ka 81 nínú 236 tí ń bójú tó ilé-ìwòsàn ìjọba ni ọ̀ràn náà kàn. Àwọn olùyẹ̀wò ìwé ìjọba ròyìn ìṣírò pé àdéhùn aláìsàn pẹ̀lú dókítà tí ó bàjẹ́ lé ní 19,000. Wọ́n dá ọkọ̀ tí ń gbé aláìsàn padà kúrò ní ẹnu ọ̀nà ilé-ìwòsàn márùn-ún.

Ẹ̀kọ́ méjì ni ó wà nínú èyí. Èkíní: Microsoft ṣe àbùlẹ̀ fún àwọn ètò àtijọ́ tí ìtọ́jú wọn ti parí, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ìgbà tí jàǹbá ti ṣẹ̀ ni, àánú ni, kì í ṣe ẹ̀tọ́. Èkejì sì ṣe pàtàkì jù: èyí tí ó pọ̀ jù nínú àwọn kọ̀ǹpútà tí kòkòrò náà mú kì í ṣe èyí tí ó gbó jù. Àwọn tí a ṣì ń tọ́jú ni, tí àbùlẹ̀ wọn ti wà nílẹ̀, ṣùgbọ́n tí ẹnikẹ́ni kò fi lé wọn. Ẹni tí ó ra ètò tuntun tí kò sì gba àbùlẹ̀ rẹ̀ dàbí ẹni tí ó ra ilẹ̀kùn onírin tí ó sì ń sùn láì tì í.

Ǹjẹ́ kí á máa sáré, kí á pààrọ̀ ohun gbogbo ní ọjọ́ tí tuntun bá jáde? Rárá o. Báńkì kan wà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ń jẹ́ TSB. Ní oṣù kẹrin ọdún 2018, láàrín òpin ọ̀sẹ̀ kan ṣoṣo, ó kó ìwé owó àwọn oníbàárà rẹ̀ tí ó lé ní mílíọ̀nù márùn-ún kúrò lórí ètò kan lọ sí òmíràn. Ìwé owó náà dé ibi tí wọ́n ń kó o lọ, ṣùgbọ́n ètò tuntun kò lè ru ẹrù náà. Nǹkan bí mílíọ̀nù méjì ènìyàn ni kò lè wọ ibi tí owó wọn wà. Ní oṣù kejìlá ọdún 2022, àwọn alábòójútó báńkì níbẹ̀ bu owó ìtanràn 48.65 mílíọ̀nù pọ́n-ùn lé e. Bẹ́ẹ̀ ni ní ọjọ́ 19 oṣù keje ọdún 2024, ilé-iṣẹ́ aláàbò kan tí ń jẹ́ CrowdStrike fi àtúnṣe alábùkù kan ránṣẹ́ sí gbogbo oníbàárà rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, kọ̀ǹpútà Windows tí ó tó mílíọ̀nù 8.5 sì dákú ní ọjọ́ kan. Bí ó bá ti fi í ránṣẹ́ sí díẹ̀ lákọ̀ọ́kọ́, ibi kékeré ni ìbàjẹ́ náà ìbá mọ.

Ṣé ó di ilẹ̀ òkèèrè kí a tó rí àpẹẹrẹ? Ẹ̀yin ìyá lọ́jà, ẹ rántí ọ̀ràn owó tuntun. Ní ọjọ́ 26 oṣù kẹwàá ọdún 2022 ni wọ́n kéde pé àwọ̀ owó náírà yóò yí padà. Òpin oṣù kíní ọdún 2023 ni wọ́n dá fún owó àtijọ́, lẹ́yìn náà wọ́n sún un sí ọjọ́ 10 oṣù kejì. Owó àtijọ́ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kúrò lọ́wọ́ gbogbo ènìyàn, tuntun kò sì tíì tó. Ẹni tí ó ní owó ní báńkì kò lè ra gàrí. Ní ọjọ́ 3 oṣù kẹta, ilé-ẹjọ́ tí ó ga jù dájọ́ pé kí àtijọ́ àti tuntun jọ máa ṣiṣẹ́ pọ̀ títí di òpin ọdún náà. Ìdájọ́ yìí gan-an ni òfin àkọ́kọ́ nínú pípààrọ̀ sáfà: kí á má ṣe pa àtijọ́ kí tuntun tó lè dá dúró.

Nísinsìnyí, ìgbà wo gan-an ni ó yẹ? Ohun mẹ́rin ni a rò pé ó yẹ kí olórí ilé-iṣẹ́ béèrè.

Àkọ́kọ́, kí ó mú ọjọ́ tí ìtọ́jú yóò parí, kí ó sì kà á padà sẹ́yìn. Bí ọjọ́ náà bá jẹ́ oṣù kíní ọdún 2027, òpin ọdún 2026 kì í ṣe àkókò iṣẹ́, nítorí Kérésìmesì àti ìṣírò òpin ọdún yóò ti kún ọwọ́ gbogbo ènìyàn. Ó yẹ kí àyípadà ti parí ní oṣù kẹsàn-án. Kí ó tó parí ní oṣù kẹsàn-án, ó yẹ kí a fi oṣù mẹ́ta dán an wò. Kí a tó dán an wò, a ní láti ra ẹ̀rọ, kí a sì dúró dè é. Kí a tó rà á, ìgbìmọ̀ ní láti fi ọwọ́ sí owó rẹ̀. Ẹni tí ó bá ṣírò báyìí yóò rí i pé ọdún kan àbọ̀ ṣáájú ni ìpàdé àkọ́kọ́ ti yẹ kí ó wáyé. Igi gangan má gùn mí lójú, òkèèrè ni a ti ń wò ó.

Èkejì, kí ó béèrè ohun tí ó dúró lórí sáfà náà. Níhìn-ín ni wàhálà púpọ̀ ń gbé. Ètò ìpìlẹ̀ tuntun lè dára, kí ètò owó oṣù tí ilé-iṣẹ́ náà ti ń lò láti ìgbà pípẹ́ má sì gbà láti ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀. Nígbà mìíràn, ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó kọ ètò náà ti ré òkun lọ, kò sì sí ẹni tí ó mọ àṣírí rẹ̀ mọ́. Kí a kọ orúkọ gbogbo ètò tí ó wà lórí sáfà sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, kí a kọ ẹni tí ó ṣe é, kí a sì béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ ní ìwé bóyá ó fọwọ́ sí ẹ̀yà tuntun náà. Ìdáhùn ẹnu kò tó.

Ẹ̀kẹta, kí ó mọ ẹ̀yà tí yóò lọ bá. Kò di dandan kí ó jẹ́ èyí tí ó jáde lánàá. Ó dára kí a jẹ́ kí àwọn mìíràn kọ́kọ́ jẹ iyọ̀ rẹ̀, kí a jẹ́ kí ó fi oṣù mélòó kan gba àbùlẹ̀. Ẹni tí ó bá jìn sí kòtò a máa kọ́ ará ìyókù lọ́gbọ́n. Kò sì di dandan kí a tẹ ẹsẹ̀ sí orí gbogbo àtẹ̀gùn. A lè ti orí ẹ̀yà 2016 fo 2019 lọ sí 2022, kí a lè rí ọdún púpọ̀ lò nínú owó kan. Ọ̀rọ̀ owó yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. Dọ́là ni a fi ń ra láísẹ́ǹsì wọ̀nyí. Kí oṣù kẹfà ọdún 2023 tó dé, dọ́là kan kò tó 500 náírà ní ọjà ìjọba. Nígbà tí yóò fi di oṣù kejì ọdún 2024, ó ti kọjá 1,500. Ilé-iṣẹ́ tí ó sún rírà síwájú ní ọdún méjì nítorí àtifi owó pamọ́ ti san ìlọ́po mẹ́ta. Èyí ni ó mú kí àwọn mìíràn yí sí Linux, tí kò gba owó láísẹ́ǹsì. Ṣùgbọ́n kí wọ́n mọ̀ pé owó tí wọn kò san fún ètò, wọn yóò san díẹ̀ nínú rẹ̀ fún kíkọ́ òṣìṣẹ́.

Ẹ̀kẹrin, kí ó béèrè bóyá ẹ̀dà gbogbo ìwé wà ní ibòmíràn, àti bóyá ẹnikẹ́ni ti gbìyànjú láti kó ẹ̀dà náà padà rí. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ní ń dáhùn ìbéèrè kìíní pé bẹ́ẹ̀ ni, tí wọ́n sì ń dákẹ́ sí èkejì. Ẹ̀dà tí a kò tíì kó padà wò rí dàbí irúgbìn tí a kò tíì gbìn. A kò mọ̀ bóyá yóò hù. Bí ìdáhùn sí ìbéèrè yìí kò bá dára, iṣẹ́ àyípadà kò tíì yá, àní bí ọjọ́ tilẹ̀ ti súnmọ́.

Nígbà tí ìdáhùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá wà nílẹ̀, ó ku yíyan ọjọ́. Kí ó má ṣe jẹ́ ọ̀sẹ̀ tí a ń san owó oṣù, kí ó má ṣe jẹ́ ìgbà ìforúkọsílẹ̀ akẹ́kọ̀ọ́, kí ó má sì bọ́ sí ọdún Iléyá tàbí Kérésìmesì tí àwọn tí ó mọ iṣẹ́ yóò ti lọ sí ilé. Alẹ́ ọjọ́ Ẹtì dára, kí a lè ní ọjọ́ méjì láti tún ohun tí ó bá wọ́ ṣe. Ní ilẹ̀ wa, a ní láti fi ọ̀ràn iná mànàmáná kún un. Sáfà tí iná bá lọ mọ́ lórí nígbà tí a ń pààrọ̀ ìpìlẹ̀ rẹ̀ lè má jí mọ́. Kí epo wà nínú jẹnẹrétọ̀, kí bátìrì tí ń gba iná dúró ti kún, kí a sì ti dán àwọn méjèèjì wò ṣáájú ọjọ́ náà. Ọ̀nà tí ó dára jù ni kí a gbé sáfà tuntun kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti àtijọ́, kí a kó iṣẹ́ lọ síbẹ̀ díẹ̀díẹ̀, kí a sì fi àtijọ́ sílẹ̀ láìpa á run títí di ìgbà tí a bá ti san owó oṣù kan lórí tuntun láìsí àṣìṣe. Kí a sì kọ ọ́ sínú ìwé ṣáájú, wákàtí tí a ó pa iṣẹ́ tì tí a ó padà sí ti àtijọ́ bí nǹkan kò bá lọ déédéé, àti ẹni tí ó ní àṣẹ láti sọ bẹ́ẹ̀.

Ẹni tí kò bá lè pààrọ̀ kí ọjọ́ tó pé ńkọ́? Kí ó má ṣe jókòó kí ó máa wò. Microsoft ń ta ìtọ́jú àfikún fún ẹ̀yà 2012 títí di ọjọ́ 13 oṣù kẹwàá ọdún 2026, ọdọọdún ni a sì ń san owó rẹ̀. Bí owó kò bá sí fún èyí náà, kí ó yọ sáfà àtijọ́ kúrò lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kí ó dín iye ẹ̀rọ tí ó lè bá a sọ̀rọ̀ kù, kí ó sì dá ọjọ́ tí yóò kúrò lórí rẹ̀. Èyí dàbí fífi igi ti ògiri tí ó fẹ́ wó: ó lè gbà wá fún ìgbà díẹ̀, ṣùgbọ́n a kì í bí ọmọ sí ìdí rẹ̀.

Òfin pẹ̀lú ti dá sí i. Ní ọjọ́ 12 oṣù kẹfà ọdún 2023 ni a fọwọ́ sí Òfin Ìdáàbòbò Ìsọfúnni Ènìyàn ní Nàìjíríà. Ó pàṣẹ kí ẹni tí ó ń tọ́jú ìwé àwọn ènìyàn fi ààbò tí ó yẹ sí i. Bí olè bá wọ ibẹ̀ ní ọ̀nà tí ó lè pa wọ́n lára, ó gbọ́dọ̀ fi tó àjọ ìjọba létí láàrín wákàtí 72. Fún àwọn ilé-iṣẹ́ tí ó ṣe pàtàkì jù, ìtanràn lè tó mílíọ̀nù 10 náírà tàbí ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún owó tí ń wọlé fún wọn lọ́dún, èyíkéyìí tí ó bá pọ̀ jù. Ẹni tí ó bá ń lo ètò tí a ti ṣíwọ́ ìtọ́jú rẹ̀ yóò nira fún láti sọ pé òun ti ṣe ojúṣe òun.

Ẹ̀yin ará wa, àwa ará Ṣàgámù kì í ṣe àlejò sí ọ̀rọ̀ kíkúrò ní ibi àtijọ́. Ní ọdún 1872, nígbà tí ogun kò jẹ́ kí ìlú kéékèèké rí ìsinmi, ìlú mẹ́tàlá ni ó fi ibùdó wọn sílẹ̀ láti wá tẹ̀dó pọ̀ sí ojú kan. Wọn kò dúró kí ogun kó wọn tán kí wọ́n tó gbéra, bẹ́ẹ̀ ni wọn kò sì gbàgbé ẹrù wọn sí ẹ̀yìn. Ọ̀fin dé pẹ̀lú orúkọ rẹ̀, Mákun dé pẹ̀lú orúkọ rẹ̀, àwọn yòókù sì dé pẹ̀lú ti wọn, a sì mọ àdúgbò kọ̀ọ̀kan títí di òní. Ibi ni ó yí padà; ohun tí wọ́n ní kò sọnù.

Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ó yẹ kí ó rí. Ní ilẹ̀ Rẹ́mọ yìí ni ilé-ìwòsàn ìkọ́ni ti Yunifásítì Ọlábísí Ọnàbánjọ wà ní Ṣàgámù, ní ibí ni Yunifásítì Babcock wà ní Ìlíṣàn, ní ibí ni ilé-iṣẹ́ sìmẹ́ǹtì wà, láì ka ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àti ilé-ìwé tí ó pọ̀ lọ jàra. Ìwé ìgbésí ayé àwọn ọmọ wa ń bẹ nínú sáfà. Nítorí náà, ohun kan ṣoṣo ni a ń bẹ̀ yín fún. Kí olúkúlùkù yín tí ó jẹ́ olórí, akápò tàbí akọ̀wé ní ibi iṣẹ́ rẹ̀ béèrè ìbéèrè mẹ́ta ní ọjọ́ Ajé tí ń bọ̀: Ẹ̀yà wo ni ètò ìpìlẹ̀ sáfà wa? Ọjọ́ wo ni ìtọ́jú rẹ̀ yóò parí? Ìgbà wo ni a kó ẹ̀dà ìwé wa padà wò gbẹ̀yìn? Bí ẹni tí ẹ bi bá dá yín lóhùn lójú ẹsẹ̀, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Bí kò bá lè dáhùn, ẹ má ṣe bínú sí i. Ẹ pe ìpàdé.

Olódùmarè kò ní jẹ́ kí a fi òní sílẹ̀ kí a wá máa fi ọ̀la kábàámọ̀.